Búlọ́ọ̀kù Tí Mo Fi Kọ́lé Ẹ̀gbọ́n Mi

Pírámárì fọ́ọ̀ ni mo dé tí mo fi ìwé sílẹ̀, n kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Àkùngbá, tí ẹ wo àwọn ilé gígùn tí wọ́n kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lápá ọ̀tún àti lápá òsì, búlọ́ọ̀kù mi ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tó ń kàwé ló ń sùn nínú wọn, èmi tí n kò kàwé ni mo mọ wọ́n. Bí mo bá ń kọjá lórí ọ̀kadà, mo máa ń nawọ́ sí wọn ni: "Èyí, tèmi ni. Èyí náà, tèmi ni." Ọlọ́kadà á ní, "Bàbá, ẹ kó ọwọ́ yín wọlé, ẹ má gbé wa ṣubú."

Láti Sosan, láti Ọ̀bà, láti Ìkàrẹ́, àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi ní yáàdì mi l'Ọ̀kà. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní, "Bàbá Búlọ́ọ̀kù, báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí?" Èmi á ní kí wọ́n jókòó. N kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Màá sọ fún wọn nípa yanrìn, nípa omi, nípa ọ̀nà mọ́tò àti nípa ẹnu tí wọn yóò fi máa kí èèyàn. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Ó wá ní ibì kan tí mo máa ń fò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ ni mo jókòó láti kọ báyìí, mo sì ń fọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi. N kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà nílé ọkọ n'Ìkàrẹ́ nígbà náà, aṣọ ló ń rán, ó sì ní kí wọ́n mú mi wá. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí kò yè. Ọkọ rẹ̀ náà kò pẹ́ lórí ilẹ̀. Ohun tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ fún un kò ju ilẹ̀ kan lọ l'Ọ̀kà, lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn ẹbí ọkọ kó ìyókù. Láti ìgbà náà ló ti ń háyà yàrá kan n'Ìkàrẹ́, yàrá tí òjò ń jò sí nígun méjì, tí èèyàn mọ́kànlá ń lo ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀.

Èmi, lẹ́bìrà ni mo ń ṣe nígbà tí mo dàgbà. Ọkùnrin kan n'Ìkàrẹ́ ń mọ búlọ́ọ̀kù, èmi ni mò ń po yanrìn fún un. Kò kọ́ mi níṣẹ́. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń wò. Ojú ni mo fi jí iṣẹ́ náà, láàárín oṣù mẹ́ta mo ti mọ̀ ọ́n ju ọmọ rẹ̀ tó bí lọ. Bí mo bá bu yanrìn sí àtẹ́lẹwọ́, tí mo fún un pọ̀, tí mo ṣí ọwọ́, mo mọ̀ bóyá amọ̀ wà nínú rẹ̀. Títí dòní, awakọ̀ típà kan kò lè já yanrìn ìdọ̀tí sílẹ̀ fún mi. Wọ́n mọ̀ mí.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo fẹ́ dá dúró. Ó ń gé etí aṣọ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Kí ló kù tí o kò ní?"

"Mọ́ọ̀dù, Àǹtí mi. Irin tí a fi ń mọ ọ́n. Àti símẹ́ńtì àkọ́kọ́."

Ó ń gé aṣọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kẹrin, ibi tí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ máa ń wà ti ṣófo. Tábìlì rẹ̀ nìkan ló kù, ó fi garawa omi lé e.

Mo ní, "Àǹtí mi, kí lẹ ṣe yìí?"

"Ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́."

Irọ́ ni. Kò tíì pé ogójì ọdún. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ òkìrìkà lọ́jà, ó ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nínú oòrùn, ó ń ké sí àwọn tó ń kọjá. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi tí n kì í tètè kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, mo ní, "Ẹ máa gbọ́ o. Ẹ ò ní kú sínú yàrá yìí. Yàrá méjì àti pálọ̀, lórí ilẹ̀ yín l'Ọ̀kà. Búlọ́ọ̀kù tèmi la ó fi kọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Má ṣèlérí jù. Mọ ẹyọ kan ná kí n rí i."

Ọgọ́ta búlọ́ọ̀kù ni mo kọ́kọ́ mọ l'Ọ̀kà. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà: kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ mọ ọ́n ni búlọ́ọ̀kù di búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ ọ́n, ọ̀sẹ̀ kan gbáko, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó máa bu omi sí i. Omi náà ló ń mú kí símẹ́ńtì gan. Bí kò bá mumi, yóò gbẹ lójú, yóò funfun, yóò dà bí ohun tó le, ṣùgbọ́n yanrìn tó dìpọ̀ lásán ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀kan, ó sì di iṣẹ́ rẹ̀. Ó máa ń wọ ọ̀kadà láti Ìkàrẹ́ ní ìdájí kó tó lọ sọ́jà, á fi kọ́ọ̀bù bu omi, á rọra máa dà á lé wọn lórí bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Tó bá rí mi, kó tó kí mi ló ti ń bèèrè:

"Ṣé wọ́n ti mumi?"

"Wọ́n ti mu, Àǹtí mi."

"Ó dáa. Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Búlọ́ọ̀kù."

Òun ló kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀. Gbogbo Àkókó ló wá gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Iṣẹ́ náà dàgbà, èmi ni mo sì mú un dàgbà. N kò ní fi ìtìjú sọ ọ́. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mi ti ń wa ọ̀kadà báyìí. Ohun tí mo ṣe tí wọn ò ṣe ni èyí. Wọ́n lọ jókòó sínú igbó níbi tí ilẹ̀ kò ti wọ́n, mo jókòó sẹ́bàá títì níbi tí ẹni tó bá ń lọ sí Ìkàrẹ́ yóò ti rí búlọ́ọ̀kù mi tó tò bí ọmọ iléèwé. Wọ́n ń bínú sí oníbàárà, èmi máa ń fi ohùn ìlú rẹ̀ kí i. Ẹ mọ̀ pé ní Àkókó níbí, ìlú tó wà lẹ́yìn òkè lè má gbọ́ èdè tí ẹ ń sọ. Mo kọ́ ìkíni wọn níkọ̀ọ̀kan, ìkíni nìkan, ó sì tó. Ẹni tí o bá kí ní èdè ìyá rẹ̀ kò ní tètè yọ lọ́wọ́ rẹ. Bí oníbàárà bá dé, n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màá gbé búlọ́ọ̀kù kan sókè dé orúnkún mi, màá jù ú sílẹ̀. Gbì! Kò ní fọ́. Màá ní, "Ẹ lọ ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ ti ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ tán.

Ẹ má sì jẹ́ kí bíríkìlà máa darí yín. Ọ̀pọ̀ wọn á ní kí ẹ mú àádọ́ta jáde nínú àpò símẹ́ńtì kan, kó lè pọ̀, kó má wọ́n. Èmi, ọgbọ̀n lé díẹ̀ ni. Ọgbọ̀n lé díẹ̀ ni fún ogún ọdún ó lé.

Nígbà tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hù l'Àkùngbá bí olú, ọwọ́ mi kò dilẹ̀ mọ́. Mo ra ẹ̀rọ. Mo kọ́lé tèmi. Mo fẹ́ ìyàwó. Ní gbogbo ọdún tuntun, ẹ̀gbọ́n mi á wá jẹun lọ́dọ̀ wa, á jẹun tán, á fọwọ́ nu ẹnu, á ní:

"Bàbá Búlọ́ọ̀kù, gbogbo Àkùngbá ló ti kó wọlé. Ó ku èmi."

Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Èmi á ní, "Lọ́dún yìí, Àǹtí mi. Lọ́lá Ọlọ́run, lọ́dún yìí."

Ọdún yẹn á lọ. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Gbogbo búlọ́ọ̀kù tí mo bá mọ ló ti ní ẹni tó ń dúró dè é. Ẹ lọ wo ilé ẹnikẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ wa, ẹ ó rí i: èyí tí igun rẹ̀ gé, èyí tó wọ́, èyí tí oníbàárà kò gbà, òun la fi ń kọ́ ilé tara wa. Ẹ̀yìn ilé tèmi gan-an, bí ẹ bá yọ púláṣítà rẹ̀, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Oníbàárà ló ń gba èyí tó dáa, àwọn tiwa á gba èyí tó kù. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn, kò sí ẹni tó ń pè é ní ìwà burúkú. Igun gígé kò sì pa ilé lára, bí búlọ́ọ̀kù náà bá sáà ti gan. Mo ń kó àwọn onígun gígé jọ díẹ̀díẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá sì ti tó nǹkan, ẹnì kan á wá bẹ̀ mí pé òun fẹ́ fi mọ ọgbà, màá tà á fún un.

Ọ̀rọ̀ wá dé sí ọdún kan tí ọyẹ́ mú kọjá àlà. Kànga mi gbẹ dé ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ ni garawa ń gbé bọ̀. Tánkà omi di ohun tí a ń dúró dè fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó yọjú, bó bá sì dé, iye tí wọn yóò pè á mú kí èèyàn jókòó sílẹ̀. Símẹ́ńtì náà ń fò sókè, iye tó jẹ́ láàárọ̀ kọ́ ló ń jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ìgbà náà ni ọ̀gá iléèwé kan tó ti fẹ̀yìntì wá bá mi. Yàrá méjìlá ló fẹ́ kọ́ l'Àkùngbá fún akẹ́kọ̀ọ́, ó sì fẹ́ kí búlọ́ọ̀kù dé ilẹ̀ náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwọn bíríkìlà wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà méjì wà níbẹ̀. Ó wo ojú kànga mi, ó ní, "Ṣé ẹ lè ṣe é? Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ sọ."

Kí ni mo máa sọ níwájú wọn? Mo ní, "Ṣé èmi lẹ ń bi bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ mẹ́fà péré."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyàwó mi jáde.

"Bàbá, omi dà?"

"Ọyẹ́ yìí ti tó. Á gbẹ wọ́n kíákíá."

"Kó gbẹ yàtọ̀ sí kó gan. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Nígbà tí mo kọ́ ẹ, ṣé mo ní kí o wá kọ́ mi padà?"

Ó wọlé lọ. Mo mọ búlọ́ọ̀kù náà lọ́jọ́ mẹ́rin. Omi tí a fi pò ó kò tó, èyí tí a ó bu sí i kò sí rárá. Àpò símẹ́ńtì tí mo ń mú ọgbọ̀n lé díẹ̀ jáde nínú rẹ̀, mo nà án kọjá ogójì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ síbí kí ẹni tó bá fẹ́ bú mi lè rí ibi tó máa mú.

Lọ́jọ́ kẹfà, a kó ìrìn ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé Àkùngbá. Ọ̀gá iléèwé náà kò bá mi ṣe àríyànjiyàn. Ó gbé ọ̀kan, ó gbé e dé orúnkún bó ṣe rí i tí mò ń ṣe, ó jù ú sílẹ̀. Ó fọ́ sí mẹ́ta. Ó gbé òmíràn. Ó fọ́ wẹ́wẹ́. Àwọn bíríkìlà dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọjá dúró.

Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà pariwo pé, "Bàbá Búlọ́ọ̀kù, ṣé búrẹ́dì lẹ kó wá ni? A ò tíì jẹun o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi dì mọ́ igi. Ọ̀gá iléèwé náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ kó wọn padà. Bí ẹ bá ti sọ fún mi pé kò sí omi, ǹ bá dúró dè yín."

Awakọ̀ wa bi mí lójú ọ̀nà pé, "Ṣé yáàdì la ń lọ?" Mo rántí pé àwọn oníbàárà mẹ́ta ló ń dúró dè mí ní yáàdì. Wọ́n á rí ọkọ̀ tó padà pẹ̀lú ẹrù. Wọ́n á bèèrè. Ogún ọdún ó lé tí ẹnì kan kò dá búlọ́ọ̀kù mi padà rí. Ara mi kò gbà á.

Mo ní, "Kó o lọ sí ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

Ibẹ̀ ni mo máa ń fò nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹ gbọ́ ọ báyìí. Ọjà tí oníbàárà bá kọ̀, ẹ gbé e padà sí ojú yáàdì yín lọ́sàn-án gangan. Ẹ mú òòlù, ẹ fọ́ ọ fúnra yín níbi tí gbogbo èèyàn ti ń wò. Ìtìjú náà kì í ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Bí ẹ bá wá ibi tí ẹ ó fi í pamọ́ sí, ara àwọn èèyàn yín ni ẹ ó fi í pamọ́ sí.

Ìrìn mẹ́rin la kó. Èyí tó kù ní yáàdì, mo ní kí wọ́n kó o lọ pẹ̀lú, kó tó di pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án. Mo wá pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù.

Kò pé wákàtí kan tó fi dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ san owó ọlọ́kadà, èmi ni mo san án. Ó rìn yí òkìtì búlọ́ọ̀kù náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọwọ́ pa wọ́n.

"Tèmi nìyí?"

"Tiyín ni, Àǹtí mi."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ náà, ó gbàdúrà fún mi, fún ìyàwó mi, fún àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdúrà náà gùn. Nígbà tó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún, ó wò mí lójú, ó bi mí bó ṣe máa ń bi mí láti ọjọ́ pípẹ́:

"Ṣé wọ́n ti mumi?"

Mo ní, "Wọ́n ti mu."

Bíríkìlà tó kọ́ ilé náà ti bá mi ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe wa. Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná họ ọ̀kan, yanrìn ń dà.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣe ọgbà. Ká wá òmíràn fún ilé."

"Láàárín èmi àti ìwọ, ta ló mọ búlọ́ọ̀kù?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó tán. Púláṣítà á bò ó."

Ó kọ́ ọ dé ibi tí wọn yóò ti gbé pákó òrùlé lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ń wá lójoojúmọ́. Ó máa ń se ẹ̀wà wá fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì yóò wà, ó mọ fèrèsé tí yóò máa ṣí láàárọ̀ kó lè rí òkè. Ó ra kọ́tìnì ilẹ̀kùn, aláwọ̀ ewé, ó ká a sínú ọ̀rá, ó fi sábẹ́ àpótí rẹ̀. Ó sì ṣe ohun kan tí kò sọ fún mi: ó lọ bá onílé rẹ̀ n'Ìkàrẹ́, ó ní kó máa wá ẹni tí yóò gba yàrá òun, nítorí òun ń lọ sílé òun. Kíákíá ni onílé ti rí ẹni tó gbà á.

Òjò àkọ́rọ̀ dé kí pákó tó dé. Atẹ́gùn ló ṣáájú rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo ti sọ ọ́, omi sì ń ti orí òkè bọ̀. Ògiri tó wà lápá òkè ló kọ́kọ́ lọ. Ó fa èyí tó so mọ́ ọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, yàrá méjèèjì ti dọ̀bálẹ̀, ògiri pálọ̀ nìkan ló dúró, ó sì tẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú pé kò sí ẹnì kan níbẹ̀.

Mo dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà níbẹ̀. N kò mọ ẹni tó pè é. Ó dúró sí ibi tí ilẹ̀kùn ì bá wà. Mo ní, "Àǹtí mi, atẹ́gùn yìí pọ̀ jù. Kò sí ilé tó lè dúró fún un."

Ó wo ilé tó wà lápá ọ̀tún. Ó wo èyí tó wà lápá òsì. Wọ́n dúró. Búlọ́ọ̀kù mi ló wà nínú èyí tó wà lápá òsì.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú àfọ́kù kan tó tó ìkúùkù. Ó fún un pọ̀. Ó tú lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ̀bà tí kò wú dáadáa, yanrìn dà sára ìró rẹ̀. Kò pariwo. Kò bú mi. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ dà bí ti ẹni tó ń sọ fún ara rẹ̀:

"Wọn ò mumi."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó rìn jáde sí títì, ó dá ọ̀kadà dúró.

Ẹni tó gba yàrá rẹ̀ ti sanwó, kò sì gbà láti fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀, onílé fún ẹ̀gbọ́n mi ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ògiri rẹ̀ tutù láti ìsàlẹ̀ dé àyà èèyàn. Mo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ó ní, "O ṣé, àbúrò mi. Mo wà dáadáa níbí." Ìyàwó mi lọ bẹ̀ ẹ́, ó fún ìyàwó mi ní aṣọ òkìrìkà méjì fún àwọn ọmọ, kò sì tẹ̀lé e. Bí mo bá pè é, ó máa ń gbé fóònù, á bèèrè ara àwọn ọmọ, á ní Ọlọ́run á ṣọ́ wa. Kò pè mí ní Bàbá Búlọ́ọ̀kù mọ́. Orúkọ tí ìyá wa sọ mí ló ń pè mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ búlọ́ọ̀kù mìíràn fún un. Lójú ara mi, mo mọ ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ogún ọdún. N kò gba iṣẹ́ ẹlòmíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fọwọ́ ara mi fún yanrìn pọ̀ wò, mo da èyí tí amọ̀ wà nínú rẹ̀ nù. Ọgbọ̀n péré nínú àpò kan, kò lé rárá. Omi ti wà nínú kànga nígbà náà, ṣùgbọ́n mo tún ra ti tánkà kún un. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu omi sí i. Èmi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú kọ́ọ̀bù. N kò tíì rí búlọ́ọ̀kù tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, n kò sì rò pé ẹnì kan ti mọ irú rẹ̀ rí ní gbogbo Àkókó. Mo ya fọ́tò wọn sórí fóònù, mo gbé e lọ bá a n'Ìkàrẹ́.

Ó wà lórí ẹní. Ikọ́ ti ń dà á láàmú láti ìgbà tó ti kó wọ yàrá náà, èémí rẹ̀ ń dún nínú àyà. Mo gbé fóònù sí iwájú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

Mo ní, "Àǹtí mi, lóṣù tó ń bọ̀, a ó bẹ̀rẹ̀. Láti ìpìlẹ̀."

"Ó dára," ló wí. Ó ti fóònù náà padà sí mi.

Mo dúró kó bi mí. Mo ti múra ìdáhùn sílẹ̀, òótọ́ sì ni ìdáhùn náà lọ́tẹ̀ yìí. Kò bi mí.

A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kò gbọdọ̀ padà sínú yàrá tó tutù. Ó padà síbẹ̀. Inú yàrá náà ló kú sí, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Aládùúgbò ló pè mí. Nígbà tí a ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ìyàwó mi rí kọ́tìnì náà lábẹ́ àpótí, nínú ọ̀rá rẹ̀, wọn kò tíì gé ìwé iye owó kúrò lára rẹ̀.

Orí ilẹ̀ rẹ̀ l'Ọ̀kà la sin ín sí, níwájú ibi tí pálọ̀ ì bá wà. Búlọ́ọ̀kù tuntun tí mo mọ fún ilé rẹ̀ la fi mọ ibojì náà. Kò gbà ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Èyí tó kù ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n tò, koríko ti ń gba àárín wọn. Àwọn èèyàn ti wá bẹ̀ mí pé kí n tà wọ́n. N kò tà wọ́n.

Bíríkìlà tó kọ́ ilé tó wó náà ló ṣe ibojì rẹ̀. Kó tó to àkọ́kọ́, àwa tó dúró yí ká ń wò ó, pásítọ̀ ti mú ìwé rẹ̀ dání. Bóyá ọwọ́ ni kò mọ ohun tó ń ṣe, bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, n kò bi í. Ó gbé búlọ́ọ̀kù kan dé orúnkún rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀.

Gbì!

Kò fọ́. Igun kan kò gé lára rẹ̀. Bíríkìlà náà wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, èyí mumi."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e fún un.